Irọ́ Tí Ṣọ́jà Ń Ṣọ́

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, ó ń jẹ, ó ń mu, ó sì ń gbé ní Sharjah. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síta. Ó ní bí ọ̀dọ́kùnrin kan ṣoṣo bá kà á, tó sì torí ẹ̀ kó ahọ́n rẹ̀ níjàánu níwájú obìnrin tó wù ú, ìtìjú òun kò já sí asán.

Olúṣẹ̀san lorúkọ rẹ̀. AC ló ń tún ṣe. Ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ ló ń bójú tó àwọn ilé gogoro kan ní Jumeirah Village Circle, ní Dubai, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tó ríṣẹ́ gidi ń gbé. Òun ní tirẹ̀, Al Nahda ní Sharjah ló ń gbé, níbi tí owó ilé mọ níwọ̀n. Òun àti Gbọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ni wọ́n jọ wà nínú yàrá kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí oòrùn Dubai ń yan èèyàn bí ẹni yan àgbàdo, wọ́n ní kó lọ wo AC kan tó ń da omi sílẹ̀. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fi òyìnbó kí i. Bí Olúṣẹ̀san ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

Olúwafúnmilọ́lá ni obìnrin yìí ń jẹ́, ọmọ Iléṣà ni. Ìmọ̀ oògùn ló kọ́, ilé ìtajà oògùn ńlá kan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbé omi tútù wá fún ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, ó fa àga, ó jókòó tì í, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ilé. Níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ló ti bi í bóyá iṣẹ́ AC yìí náà ló ń ṣe ní Nàìjíríà kó tó wá.

Ìdáhùn tó yẹ kò ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin náà lẹ́wà. Òun sì rèé lórí àkàbà, tó ń fi aṣọ iṣẹ́ nu òógùn ojú.

Ó ní, "Villa ni mo ti ṣiṣẹ́, l'Abuja. Àwa la máa ń bójú tó AC ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá àgbà."

"Villa wo? Ti Ààrẹ?"

"Òun náà ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ gan-an fún yín. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ta AC, tó sì ń tún un ṣe ní Nyanya, lẹ́yìn odi Abuja, ni Olúṣẹ̀san ti kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ gbé ọ̀gá náà lọ sí Three Arms Zone, àgbègbè tí Villa Ààrẹ wà, tí ilé aṣòfin wà, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ náà sì wà. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn ń yà sí bí ẹni yà sílé ẹ̀gbọ́n. Ṣọ́jà ń ṣọ́ ọ, ọlọ́pàá ń ṣọ́ ọ, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí a ò tilẹ̀ rí náà ń ṣọ́ ọ. Ọ̀gá nìkan ni wọ́n fún láṣẹ pé kó wọlé. Wọ́n ní kí Olúṣẹ̀san sọ̀ kalẹ̀. Abẹ́ igi dóńgóyárò kan ní òdìkejì ọ̀nà ló jókòó sí tí ọ̀gá rẹ̀ fi jáde. Gbogbo iṣẹ́ tó ṣe ní Villa nìyẹn.

Kí ló wá jẹ́ kí irọ́ yìí dùn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wò ó. Ká ní ó ní báńkì lòun ti ṣiṣẹ́, ẹnìkan á ní àbúrò níbẹ̀. Ká ní yunifásítì ló dárúkọ, ẹnìkan á ti jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ Villa lọ bi wọ́n léèrè? Irọ́ tirẹ̀ ní ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn lẹ́nu ọ̀nà.

AC Fúnmilọ́lá tún bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ó tún bàjẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kò pẹ́ tí AC ò bàjẹ́ mọ́, tí Olúṣẹ̀san ṣì ń wá.

Fúnmilọ́lá mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, nínú ọgbà tí ìjọ oríṣiríṣi ti ń ṣe ìsìn lọ́jọ́ Ẹtì. Ìsìn parí, wọ́n ṣí kúlà oúnjẹ, ó wá ń fi olólùfẹ́ rẹ̀ han àwọn èèyàn. Kò pè é ní ẹni tó ń tún AC ṣe. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Villa ló pè é.

Bàbá Ọlátúbọ̀sún, tí í ṣe bàbá ìjọ, fà á mọ́ra. Wọ́n fẹ́ mọ bí inú ibẹ̀ ṣe rí. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, Olúṣẹ̀san ní òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ nípọn débi pé bàtà èèyàn kì í dún. Nígbà tó yá, ó ní àwọn ẹyẹ ọ̀kín ń rìn gbẹ̀fẹ́ lórí koríko, wọ́n ń na ìrù bí ẹni tẹ́ ẹní. Bàbá Ọlátúbọ̀sún fẹ́ràn ẹyẹ ọ̀kín yẹn. Bí wọ́n bá ti rí Olúṣẹ̀san, wọ́n á ní kó wá sọ ti ẹyẹ fún àlejò.

"Villa" di orúkọ rẹ̀. Villa, ẹ wá jẹun. Villa, ẹ bá wa gbé àga yìí. Ó ń dáhùn, eyín ń funfun lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ ta kókó ni ọ̀dọ̀ Phoebe. Ọ̀rẹ́ Fúnmilọ́lá ni Phoebe, oníṣòwò tó ń ra ọjà ní Deira, tó ń kó o ránṣẹ́ sí Èkó. Ó ní àbúrò kan tó ń wá iṣẹ́ ìjọba. Fúnmilọ́lá ló sọ fún un pé kó bá Olúṣẹ̀san sọ̀rọ̀, pé èèyàn tó ti ṣiṣẹ́ láàárín irú àwọn ẹni ńlá bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàìmọ ẹnìkan.

Ó lè sọ pé òun ò mọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà àbáyọ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n Fúnmilọ́lá dúró tì í, ó ń wo ojú rẹ̀. Olúṣẹ̀san ní kí Phoebe fọkàn balẹ̀, òun á bá ọ̀gá kan níbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà, bí Phoebe bá bi í léèrè, ọ̀gá tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ti rìnrìn àjò. Bó bá tún bi í, ọ̀gá ti dé, àmọ́ wọ́n ń ṣe ìpàdé. Ọ̀gá tí kò sí láyé yìí, iṣẹ́ ò jẹ́ kó sinmi.

Gbọ́lá nìkan ló mọ òtítọ́, torí wọ́n ti jọ ń gbé kí ìfẹ́ tó dé. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń se ìrẹsì, ó là á mọ́lẹ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún obìnrin yìí, khalas, kó parí síbẹ̀. Bó bá lọ nísinsìnyí, ẹ̀yin méjèèjì ló kàn. Tó bá di ìgbà tí ìdílé bá dá sí i, kò ní tán láàárín ẹ̀yin méjèèjì mọ́."

Olúṣẹ̀san ní òun gbọ́, òun á sọ.

Ó sì gbìyànjú. Lẹ́bàá omi ní Al Khan, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń mu tíì, ó gbẹ́nu lé e pé ọ̀rọ̀ kan wà tóun fẹ́ sọ nípa Villa. Fúnmilọ́lá kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó ní òun náà ní ọ̀rọ̀, òun ti sọ nípa rẹ̀ fún màmá òun, inú màmá sì dùn gidigidi. Màmá ní ẹni tí ìjọba ti yẹ̀ wò fínnífínní kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ irú ibẹ̀, ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè jẹ́ oníjìbìtì.

Olúṣẹ̀san gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì pẹ̀lú tíì. Kàkà kó jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Fúnmilọ́lá sì gbà.

Ẹ sì mọ ìyá Yorùbá. Inú wọn lè dùn títí, wọn kì í fi ọmọ fọ́kọ láìṣe ìwádìí. Ìyá Fúnmilọ́lá ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí ní Iléṣà kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ títí dìgbà tó bá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó gbéra, ó lọ kí Láńre, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, l'Abuja. Kò sọ ohun tó ń bá lọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, wọ́n ti ṣe ìsìn tán ní Dubai, wọ́n ń jẹun lábẹ́ ìbòòji nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Olúṣẹ̀san ń sọ ti ẹyẹ ọ̀kín fún tọkọtaya tuntun kan. Fóònù Fúnmilọ́lá dún. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn máa jáde síta, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì.

Láńre ni. Ó ní kí Àǹtí Fúnmi má bẹ̀rù o, àwọn wà lẹ́nu géètì Three Arms Zone, òun àti Màmá, wọ́n ní káwọn má tíì lọ.

"Kí lẹ wá ṣe níbẹ̀?" Fúnmilọ́lá bi í.

Ìyá rẹ̀ ló gba fóònù. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ọgbà ilé-ìwé rẹ̀. "Mo wá wádìí ọkọ rẹ ni. Níbo ni wọ́n ti ń wádìí òṣìṣẹ́ bí kò ṣe ibi iṣẹ́ rẹ̀?"

Olúṣẹ̀san dá ẹran ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Màmá dé géètì, ó kí àwọn ẹ̀ṣọ́ dáadáa, ó ní òun fẹ́ bèèrè ìwà ọmọ kan tó ti tún AC ṣe nínú lọ́hùn-ún. Wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n bá a bèèrè, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ náà. Màmá ní kí wọ́n tún un bèèrè dáadáa, pé ọmọ òun kì í purọ́ fóun. Lẹ́nu ìyẹn ni Láńre, kí Ọlọ́run má fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ jíǹkí wa, bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ya fídíò géètì, kó lè fi ránṣẹ́ sí ẹbí.

Ojú ọ̀rọ̀ yí padà. Ìyá àgbà kan ń bèèrè òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń ya ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kan sì wà nílẹ̀ òkèèrè tó ń sọ pé òun mọ inú ibẹ̀. Ta ni wọ́n máa gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ níwájú tí kò ní ta kìjí? Wọ́n gbé àga fún Màmá níbòòji, wọ́n fún un lómi, wọ́n sì ní kò sẹ́ni tó ń lọ àfi bí ọ̀rọ̀ bá lójú.

Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà gba fóònù. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Màmá sì ti bi í léèrè agbo ilé rẹ̀ kí fóònù tó dún. Ó ní òun fẹ́ bá ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Fúnmilọ́lá ti fóònù sí Olúṣẹ̀san.

"Ọ̀gbẹ́ni Olúṣẹ̀san, ẹ kú ọjọ́ Ẹtì. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ṣé ẹ ti ṣiṣẹ́ níbí rí?"

Gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì ti yíjú sí i. Bàbá Ọlátúbọ̀sún mú ṣíbí dání. Phoebe náà wà níbẹ̀.

Ọ̀nà irọ́ ò tíì tán. Ó lè ní abẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan lòun wà, pé kò yẹ kí wọ́n rí orúkọ òun. Ó lè di gbogbo rẹ̀ ru ọ̀gá Nyanya, tó ti ṣaláìsí. Ó lè pa fóònù, kó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó gbé ojú sókè, ó wo Fúnmilọ́lá.

Bó bá jẹ́ iyèméjì ló rí lójú rẹ̀, bóyá ì bá tún parọ́. Àmọ́ kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìfọkànbalẹ̀. Ó ń dúró kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n jẹ́ kí ìyá òun máa lọ. Ìyẹn ló ṣẹ́ ẹ lápá.

"Rárá, sà," ó ní. "Mi ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí."

"Ẹ tún un sọ, kó yé mi."

"Irọ́ ni mo pa. Lẹ́nu géètì ni mo mọ. Ọ̀gá mi ló wọlé, abẹ́ igi ni mo jókòó sí."

"Kí ló dé tí ẹ wá ń sọ pé ẹ ti ṣiṣẹ́ níbí?"

"Mo fẹ́ kí obìnrin kan kà mí sí èèyàn, sà."

Wọ́n gbọ́ tí ẹnìkan rẹ́rìn-ín lápá ọ̀hún. Ọ̀gá náà wúkọ́, ó jọ pé ó ń fi pa tirẹ̀ mọ́ra ni. Ó ní kò burú, òun á ní kí Láńre pa fídíò náà rẹ́, òun á sì sin Màmá débi ọkọ̀.

"Ẹ má sọ ọ́ mọ́ o," ó ní. "Ibí yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó."

Fóònù kú. Tọkọtaya tuntun ń wo àwo oúnjẹ wọn. Bàbá Ọlátúbọ̀sún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn wọn sì rẹlẹ̀.

"Kápẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́?"

"Mi ò rí i, sà."

"Ẹyẹ ọ̀kín?"

Olúṣẹ̀san mi orí pé rárá. Bàbá mí kanlẹ̀. Ó dà bíi pé ti ẹyẹ ló dùn wọ́n jù.

Phoebe ò pariwo. Ó rọra sọ ọ́ ni, pé wọ́n fún àbúrò òun níṣẹ́ kan n'Íkẹjà, tí kò gbà á torí ó ń dúró de ti Bọ̀dá Ṣẹ̀san. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló wọ Olúṣẹ̀san lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àṣé bí òun ṣe ń ṣeré, ẹnìkan ń fi ẹ̀mí rẹ̀ dúró dè é.

Fúnmilọ́lá kó kúlà rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Kò bá a jà, kò sì wo ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀sì ló gbé Olúṣẹ̀san padà sí Sharjah. Gbọ́lá rí ojú rẹ̀, kò sọ pé ṣebí mo sọ fún yín. Ó gbé omi kaná, ó po tíì fún un.

Fúnmilọ́lá ò gbé ìpè rẹ̀. Nígbà tí AC rẹ̀ bàjẹ́ lóòótọ́, ó ní kí ilé-iṣẹ́ rán ẹlòmíràn wá. Ọmọ Íńdíà kan ni wọ́n rán, ó sì padà wá sọ fún Olúṣẹ̀san pé madam náà dára, ó fún òun lómi tútù.

Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó lọ bá Phoebe ní Deira láti bẹ̀ ẹ́. Phoebe ní òun ò ráyè ẹ̀bẹ̀, ọjà ń lọ sí Èkó. Olúṣẹ̀san bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó bá a di páálí, ó bá a gbé e sọ́kọ̀. Ó tún lọ lọ́sẹ̀ kejì àti lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó ṣe, inú ṣì ń bí Phoebe, àmọ́ ó ń ra oúnjẹ fún un. Ìgbà tí àbúrò náà ríṣẹ́ mìíràn ló tó rẹ́rìn-ín sí i.

Láàárín àkókò yìí ni ìyá Fúnmilọ́lá pe Olúṣẹ̀san. Ẹ̀gbẹ́ lífíìtì níbi iṣẹ́ ló wà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbẹ̀, bí ẹni pé ìyá ń rí i.

"Mo wádìí rẹ, mo sì rí nǹkan méjì," Màmá wí. "Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fipá mú ọ, o parọ́. Nígbà tí òtítọ́ fẹ́ gba gbogbo ohun tí o ní, o sọ ọ́. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ìwọ gan-an nínú méjèèjì. Fúnmilọ́lá ni kó lọ wò ó."

Fúnmilọ́lá ò yára wò ó. Nígbà tó máa wá, kò pè é síta bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí ibi tó ń sùn. Olúṣẹ̀san ò jẹ́ kó dé Al Nahda rí. Ó ṣílẹ̀kùn fún un: bẹ́ẹ̀dì méjì, bàtà Gbọ́lá, ìkòkò ìrẹsì. Gbọ́lá kí i, ó sì jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Fúnmilọ́lá ní kì í ṣe irọ́ náà ló dun òun jù. Òun ti fi ẹnu ara òun gbé e kiri. Òun ló ní kí Phoebe lọ bá a. Òun ló sọ fún ìyá òun.

"Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wá," ó ní, "o bọ́ bàtà rẹ sẹ́nu ọ̀nà kí ilẹ̀ mi má baà dọ̀tí. Kò sẹ́ni tó ní kí o ṣe é. Mo ti fẹ́ràn rẹ kí o tó lanu."

Olúṣẹ̀san lanu láti bẹ̀ ẹ́. Fúnmilọ́lá ní kó fi sílẹ̀, kó bu oúnjẹ wá. Ó jẹ nínú ìrẹsì náà kó tó lọ. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀.

Ó gba oṣù mélòó kan kí àwọn ìdílé méjèèjì tó pàdé níkẹyìn, nínú pálọ̀ Màmá n'Iléṣà, láti mọ ara wọn. Tọkọtaya ọ̀la wà ní Dubai, wọ́n ń wò ó lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n bàbá Olúṣẹ̀san ló ń sọ̀rọ̀ fún ìdílé ọkọ, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n bi í léèrè iṣẹ́ tí ọmọ wọn ń ṣe. Ó tún fìlà ṣe. Ó ní ọmọ àwọn kì í ṣe ẹni kékeré nílẹ̀ Lárúbáwá o, ẹnjiníà àgbà ni, gbogbo ilé gogoro tí wọ́n ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn...

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," Olúṣẹ̀san wí látinú fóònù. "AC ni mo ń tún ṣe."

Ìyá Fúnmilọ́lá na ọwọ́, ó gbé fóònù náà sókè kí gbogbo ilé lè rí i.

"Tún un sọ, ọmọ mi," ó ní, "kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́."